Ọmọ alágàrí tó fi kẹ́mísìrì gba sìkọ́láṣíìpù: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá, ó sì jáde lọ́dún 2024 pẹ̀lú CGPA (àròpọ̀ máàkì gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀) 4.41 nínú 5. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka máàkì nílé ẹ̀kọ́ gíga wa á ti rí i pé kò dé fáàsì kíláàsì, torí 4.50 ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí lẹ́yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá rẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe ládùúgbò náà. Èmi ni tíṣà kẹ́mísìrì rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì, "Mà" ló sì ń pè mí títí di òní. Ó yọ̀ǹda kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó kàn bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun tàbí ilé ẹ̀kọ́ òun, mo sì ti gbà.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi gbàgbọ́ pé máàkì ló ń gba sìkọ́láṣíìpù. Ẹni tó ní fáàsì kíláàsì á fọkàn balẹ̀, á máa retí owó. Ẹni tí kò ní in ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Máàkì ní iṣẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé rẹ. Ohun tó gbé ọmọ yìí wọlé ni pé àwọn tó ka ìwé rẹ̀ rí iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì rí i pé ó mọ ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Àmọ́ kó tó débẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn sìkọ́láṣíìpù tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe ní Nàìjíríà, ọdún tí ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ti NNPC àti TotalEnergies, ọmọ ọdún kìíní ni wọ́n ń wá. Ti NNPC àti SNEPCo, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ Shell, wà fún ọmọ ọdún kejì. MTN Foundation ń wá ọmọ ọdún kẹta tó ń ka sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, tí CGPA rẹ̀ kò sì dín ní 3.5. Ti Agbami, tó jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ epo, ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ló gbájú mọ́, kò kan ọmọ kẹ́mísìrì. Ọmọbìnrin yìí kò gbọ́ nípa ìkankan títí ọdún kejì fi ń parí lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó dùn mí, torí pé èmi náà wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ń kọjá lọ́dọọdún, àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n ní yunifásítì nìkan ló sì máa ń tètè mọ̀.

Ní ọdún kẹta, ó kọ̀wé béèrè fún ọ̀kan. Ó ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé fún wọn, ó yege. Ìgbà tí wọ́n wá ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Íméèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mélòó kan lọ: orúkọ tó wà lórí èsì WAEC kò bá ti NIN mu.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Orúkọ ìdílé wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún. Nígbà tí ọmọ náà wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, bàbá rẹ̀ di ọmọ ìjọ, ó rìbọmi, ó sì yọ Ògún kúrò, ó fi Olú sí i. Irú ẹ̀ pọ̀ nínú ìdílé wa. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwé kò yí padà, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí WAEC, òun náà ló sì bá a dé JAMB àti yunifásítì. Nígbà tí ó tó àkókò láti gba NIN, bàbá ló mú un lọ, orúkọ tuntun ni bàbá sì kọ. Báńkì tẹ̀ lé NIN. Ọmọ kan ṣoṣo wá di ẹni méjì lórí ìwé.

Èwo la ó yí nínú méjèèjì? Bàbá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di Olú. Mo lọ bá wọn nílé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé èsì WAEC kì í yí bọ̀rọ̀, ohun tó bá sì wà lórí WAEC ni yunifásítì máa kọ sórí ìwé ẹ̀rí. NIN ni a lè tún ṣe. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, lẹ́yìn tí mo ti rìbọmi, ṣé ọmọ mi ló tún máa padà di Ògún?" Mo ní, "Bàbá, orí ìwé ọmọ nìkan ni. Orúkọ tẹ́ ẹ ń jẹ́ kò yí padà, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì náà kò yí padà." Ìyá rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà: "Bàbá rẹ tó bí ẹ, Ògún ló ń jẹ́ dé sàréè. Kí lẹ̀rù ń bà wá sí?" Bàbá fúnra wọn ló tẹ̀ lé ọmọ lọ sí kóòtù nígbà tí wọ́n ń búra àfídáfíìtì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe ìkéde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sanwó àtúnṣe fún NIMC, àjọ tó ń bójú tó NIN, wọ́n sì mú ìwé NIN tuntun lọ sí báńkì. Ó gba oṣù mélòó kan, ó sì ná wọn lówó tí kò sí nílẹ̀. Sìkọ́láṣíìpù yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìwé ìrìnnà dé, tó jẹ́ pé NIN ni wọ́n ń fi ṣe é, ìwé rẹ̀ gbogbo bára mu, kò sí ìdádúró rárá. Tí ẹ bá ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì lálẹ́ òní, kí ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí gbogbo wọn.

Inú ọdún kẹta yẹn náà ni ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ́ sílẹ̀, ní 14 oṣù kejì ọdún 2022, ó sì gbà tó oṣù mẹ́jọ. Ọmọ náà padà sílé, ó wọ inú àbà gàrí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ ọ́n, ó máa ń kan. Kíkan yẹn wá láti inú ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lílọ̀ fi wà nínú àpò kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Oníbàárà kan láti Èkó ń rọ ìyá rẹ̀ pé kó dín ọjọ́ náà kù kí ọjà lè máa yára jáde. Ìyá kọ̀, ó ní gàrí ọjọ́ kan kò dára fún ikùn. Ọmọ béèrè pé kí ló dé tí kò fi dára. Ìyá ní bí ìyá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn.

Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, ohun tí ìyá ń sọ yìí sì ní ìdí nínú kẹ́mísìrì. Èròjà kan tó ń jẹ́ linamarin wà nínú ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ ẹ̀gẹ́, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ linamarase á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀, hydrogen cyanide, tó jẹ́ májèlé, á sì jáde. Wíwà nínú àpò ló ń fún ẹ́ńsáìmù yẹn láyè láti ṣiṣẹ́. Fífún omi rẹ̀ dànù lábẹ́ jáàkì àti yíyan lórí iná ló ń lé èyí tó bá jáde lọ. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tó ń jẹ́ Codex, tí FAO àti WHO jọ ń bójú tó, sọ pé èyí tó bá kù nínú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ọmọ náà sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ pé òun fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín gàrí ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta àti ọjọ́ márùn-ún. Olùkọ́ náà gbà.

Mo rí iṣẹ́ náà lójú ara mi lọ́jọ́ tí mo lọ kí i ní láàbù. Ó gé bébà ìsẹ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rì í sínú omi kẹ́míkà tó ń jẹ́ picrate, ó sá a títí ó fi gbẹ, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n yẹ́lò. Ó wọn gàrí díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó fi omi àti ẹ́ńsáìmù sí i, ó fi bébà kan kọ́ sínú ìgò náà láìjẹ́ kó kan omi, ó dé e pinpin, ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí májèlé bá ń jáde nínú gàrí, bébà á kúrò ní yẹ́lò, á máa lọ sí búráùn. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dúdú tó. Ó yẹ kí wọ́n wá fi omi fọ àwọ̀ yẹn kúrò lára bébà, kí wọ́n kà á lórí spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí àwọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó, ní 510 nánómítà. Ẹ̀rọ tiwọn ti bàjẹ́ tipẹ́. Páálí àwọ̀ ló fi ń wé e, ó ń fi ojú kà á. Nígbà tó wá rí i pé ojú lè ṣe ojúsàájú, ó kọ nọ́ńbà sára ìgò, ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ka àwọ̀ náà láìmọ gàrí tó wà nínú ìkankan. Gàrí ọjọ́ kan sọ bébà di dúdú ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ, gbogbo wọn rí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àti márùn-ún, kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ ìyàtọ̀, ohun tó sì kọ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn.

Ó jáde, ó lọ sìnrú ìlú. Agùnbánirọ̀ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sìkọ́láṣíìpù fún máásítà, ìjọba sì ń san 33,000 náírà lóṣù fún wọn nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni kò ṣí fún un. Chevening, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ètò EPOS ti DAAD nílẹ̀ Jámánì náà ń béèrè bẹ́ẹ̀. PTDF, àjọ ìjọba Nàìjíríà tí òfin ọdún 1973 dá sílẹ̀, ohun tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì àti gáàsì ló gbájú mọ́. Èyí tó bá a mu ni Erasmus Mundus, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè béèrè fún un. Yunifásítì mélòó kan ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe ètò kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kàwé ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán. Nínú èyí tó ń jẹ́ EACH, tó dá lórí kẹ́mísìrì ìṣàyẹ̀wò, ìlú Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ń lo ọdún kìíní kí wọ́n tó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Sìkọ́láṣíìpù náà ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìbánigbófò, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 1,400 yúrò lóṣooṣù. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni púpọ̀ nínú wọn ń gba ìwé. Nígbà kan rí, ẹnì kan kò lè béèrè fún ju ètò mẹ́ta lọ lọ́dún. Wọ́n ti mú ìyẹn kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kí òun tó bá ọ wá sìkọ́láṣíìpù lórí WhatsApp, olè ni.

Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wò ó. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́: láti kékeré ni òun ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, ilé tálákà ni wọ́n bí òun sí, ìfẹ́ ọkàn òun sì ni láti ran orílẹ̀-èdè òun lọ́wọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tálákà tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì pọ̀ láti Bangladesh títí dé Bolivia, gbogbo wọn ló sì ń kọ ìlà mẹ́ta yìí. Mo wá gàrí nínú lẹ́tà náà, mi ò rí i. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Gàrí ńkọ́?"

Ó ní, "Mà, mo rò pé kò yẹ. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n máa ń ṣe lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ wa bàjẹ́, ojú ni mo fi ka àwọ̀. Mo ń tijú ẹ̀."

Mo sọ fún un pé ohun tó ń tì í lójú yẹn gan-an ni kó kọ. Ó tún un kọ. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kejì di oníbàárà tó fẹ́ kí ìyá òun dín ọjọ́ gàrí kù, àti ìbéèrè tí ìyá òun kò lè dáhùn. Ó ṣàlàyé picrate nínú ìlà mẹ́rin. Ó sọ pé kò sí spectrophotometer, ó sọ ohun tó ṣe dípò rẹ̀, ó sì sọ pé títí di ìsinsìnyí òun kò mọ̀ bóyá ọjọ́ márùn-ún sàn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ló wá dárúkọ ẹ̀kọ́ kan pàtó nínú ètò náà tó máa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tó kéré bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣì kò kọjá gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ètò kọ̀ọ̀kan tó béèrè fún ló yí apá ìparí padà fún. Ìyẹn gba ọ̀pọ̀ alẹ́, iná kì í sì í dúró níbi tó ti ń sìnrú ìlú.

Lẹ́tà àwọn ẹlẹ́rìí, ìyẹn àwọn olùkọ́ tó ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀, náà ní tirẹ̀. Olùkọ́ àgbà kan tó bẹ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ó jẹ́ ọmọ tó níwà, tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì máa ń tètè dé kíláàsì. Olùkọ́ náà fẹ́ràn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yan ènìyàn kò lè fún ìwà ní máàkì. A kì í sọ fún àgbà pé lẹ́tà tó kọ kò dáa. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ ojú ìwé kan, ó sì fi ránṣẹ́: "Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo kó iṣẹ́ tí mo ṣe lábẹ́ yín jọ síbí, kó lè rọ̀ yín lọ́rùn fún àwọn lẹ́tà tó kù." Ìwádìí tó ṣe, ìwé tó kà níwájú kíláàsì, bó ṣe kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní títíréṣọ̀n (wíwọn bí kẹ́míkà ṣe pọ̀ tó nínú omi), gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Lẹ́tà tí olùkọ́ náà kọ lẹ́yìn ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Tránsíkíríìpù, ìwé tí yunifásítì to gbogbo máàkì rẹ̀ sí, fa ìṣòro. Ó ti sanwó, wọ́n ní fáìlì rẹ̀ kò sí ní ibi tó yẹ kó wà, wọ́n ní kó padà wá. Ẹni tó ń sìnrú ìlú ní ìpínlẹ̀ mìíràn kò lè máa padà wá. Ó kọ̀wé sí àwọn ètò náà láti béèrè bóyá wọ́n lè gba ìwé èsì tí yunifásítì kọ́kọ́ fún un pẹ̀lú ẹ̀dà máàkì tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ojúlówó wá tẹ̀ lé e. Àwọn kan gbà. Ti IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, náà, ó yan àwọn ètò tó gba ìwé láti yunifásítì pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun, torí owó ìdánwò yẹn ju owó tó ń gbà lóṣù lọ fíìfíì.

Ètò kan pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí Zoom. Ó wá ṣe é nílé mi, torí jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ níbi tí kámẹ́rà kò ti rí mi. Ọkùnrin kan bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò tàn án jẹ. Ó sọ nípa nọ́ńbà tó kọ sára ìgò àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin náà tún ní, tí wọ́n bá fún un ní ẹ̀rọ lónìí, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? Ó ní òun máa tún ti ọjọ́ mẹ́ta àti márùn-ún ṣe, torí pé ibẹ̀ lòun kò mọ̀. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè wọn yí padà. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ètò kan kọ̀ ọ́. Òmíràn gbà á, ṣùgbọ́n kò sí owó: ó lè wá tó bá lè san ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó pè é lórí Zoom fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tó ń dúró de àyè.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀ nínú ilé. Lẹ́tà ìgbàwọlé láti Yúróòpù wà lọ́wọ́, bàbá sì fẹ́ ta ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn ẹbí ní kó tà á, ọmọ á san án padà. Mo ta kò ó, mo sì tún máa ta kò ó lọ́la. Owó ọdún kìíní nìkan ni ilẹ̀ yẹn lè san, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ti ọdún kejì á ti wá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé òun kò lè wá láìsí owó. Ó sì kọ íméèlì kúkúrú sí ètò tó fi í sínú àwọn tó ń dúró, ó ní òun ṣì ń fẹ́ àyè náà, òun sì ti ṣetán láti wá. Àwọn tí orúkọ wọn wà lókè máa ń rí sìkọ́láṣíìpù méjì nígbà míì, wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni tirẹ̀ dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ nìyí: láti ọdún 2021, kò sí owó ọkọ̀ òfurufú lọ́tọ̀ nínú Erasmus Mundus. Owó oṣooṣù yẹn náà ni wọ́n ní kó o fi ṣe gbogbo rẹ̀, o ò sì lè rí i gbà kó o tó débẹ̀. Fìsà, tíkẹ́ẹ̀tì àti ilé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ di ti ara ẹni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá rẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú àwọn alágàrí ló yá a lówó, ìyá kó àjọ rẹ̀ lé e, èmi náà fi díẹ̀ sí i. Owó àkọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ tó sì ṣí àkáǹtì báńkì, láti oṣù tó tẹ̀ lé e ló sì ti ń san ti ẹgbẹ́ padà.